Ìdánwò Ọwọ́ Kejì

"Kí ni ẹ kò mọ̀, mà?"

Ẹ̀rọ ìkọ́ni náà béèrè, ó sì dákẹ́. Àwọn ọmọ méjìdínláàádọ́ta tó wà ní kíláàsì náà dákẹ́ pẹ̀lú. Òkun ń gbé àwọn àgbá tí ilé-ẹ̀kọ́ náà léfòó lé lórí sókè, ó ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ.

Ìyáàfin Dúróoríkẹ́ ronú. Orí àpótí ọmọ kékeré ló jókòó sí, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ti bọ́ oyè rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí alábẹ̀wò kì í jókòó sí kíláàsì pẹ̀lú oyè. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti fi ṣe alábẹ̀wò fún Ẹgbẹ́ Olùtọ́jú Ẹ̀rọ Ìkọ́ni, ìbéèrè yìí kò sì rọrùn fún un rí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan a máa gbìyànjú láti díbọ́n. Wọ́n á ní àwọn kò mọ orúkọ àwọn oṣù, kí ẹ̀rọ lè tètè kọ́ wọn, kí wọ́n sì tètè lọ jẹun. Ṣùgbọ́n wàláà tó wà lórí itan alábẹ̀wò kò gba irú ìyẹn. Ó ń gbọ́ èké lẹ́nu ènìyàn bí ìyá ṣe ń gbọ́ ikọ́ ọmọ rẹ̀ láti yàrá kejì.

"N kò mọ bí a ṣe ń tún àwọ̀n tó ya ṣe," ó wí.

Wàláà tan iná aláwọ̀ ewé. Òótọ́ ni.

Ẹ̀rín bú jáde. Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ òpó. "Ẹ wo màmá àgbà! Kí ni wọ́n wá ń jẹ nílé wọn?"

"Ọmọ́lẹ̀yẹ!" Olùkọ́ Mẹ́bàwọ́ndù dìde. Àgbàlagbà gbígbẹ ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí iyọ̀. "Kí ni a wí nípa ẹni tó bá fi akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín?"

Ẹ̀rín ọmọ náà kú. "Òun ni yóò kọ́ ọ, sà."

"Ó yá. Mú abẹ́rẹ́ àwọ̀n, kó o wá jókòó ti ìyá."

Ẹ̀rọ náà kò fi àkókò ṣòfò. Ó fi ìmọ́lẹ̀ ya ojú àwọ̀n kan sínú afẹ́fẹ́ níwájú wọn. "Ẹ ti abẹ́rẹ́ gba ojú àwọ̀n láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ okùn mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ju okùn sí apá òsì kó ká bí òrùka. Ẹ wá ti abẹ́rẹ́ gba ẹ̀yìn fọ́nrán méjèèjì, kó jáde láàárín òrùka náà, kí ẹ sì fà á. Kókó tó dára kì í yọ̀."

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, Ọmọ́lẹ̀yẹ na ọwọ́, ó tẹ orí ẹ̀rọ náà, ìmọ́lẹ̀ sì kú.

Dúróoríkẹ́ yíjú sí i. "Ta ní kó o pa á?"

"Ó ti sọ tirẹ̀, mà. Ó ku tiyín."

Dúróoríkẹ́ kì í ṣe ẹni tí ń fẹ́ràn kí ọmọ máa já ọ̀rọ̀ lù ú, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ni lónìí. Ó mú abẹ́rẹ́. Kókó àkọ́kọ́ yọ̀. Ìkejì yọ̀. "Ẹ̀yìn fọ́nrán kan ṣoṣo lẹ gbà, mà," ni Ọmọ́lẹ̀yẹ wí. "Ẹja á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín." Ìgbà tó di ìkeje, kókó náà dúró. Dúróoríkẹ́ fi gbogbo agbára fà á, kò mira. Inú rẹ̀ dùn bí inú ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó sì tijú pé ó dùn tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà náà ni wàláà tan iná pupa.

Ó gbé e sókè. Nígbà tó ń so kókó lọ́wọ́, wàláà ti ka ìwé iṣẹ́ tó wà nínú ẹ̀rọ náà, ó sì kọ èsì rẹ̀ báyìí: *Ẹ̀rọ 418, Òkè-Omi. Wákàtí méjì péré lójúmọ́, láti ọdún mẹ́ta. Abala kẹtàlá. Kí a gbé e kúrò. Ẹni tó kàn láti gbà á: Ìdó-Àpáta.*

Ìdó-Àpáta ni wọ́n gbé bí i.

Kò ní láti wo ìwé òfin kó tó mọ ohun tó wà ní abala kẹtàlá, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ní ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, nígbà tí ó rí ẹ̀rọ ìkọ́ni mọ́kànlá tí aláǹtakùn ti hunlé sí nínú ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀rọ tí kò bá ṣiṣẹ́ wákàtí márùn-ún lójúmọ́, ìfiṣòfò ni. Kí a gbé e fún àwọn tí ń dúró dè é. Gbogbo Ẹgbẹ́ dìde pàtẹ́wọ́ fún un lọ́jọ́ náà. Kò sì tíì rí ọjọ́ tó kábàámọ̀ rẹ̀.

"Olùkọ́," ó wí, "wákàtí méjì?"

Olùkọ́ Mẹ́bàwọ́ndù kò díbọ́n. "Méjì ni, mà. Nígbà mìíràn kì í tó méjì."

"Ọmọ igba ó lé méjìlá ń bẹ níbì kan tí wọ́n ti ń retí irú ẹ̀rọ yìí láti ọdún mẹ́rin. Ẹ̀yin ń pa tiyín."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, kí ẹ tó kọ nǹkan kan, ẹ jẹ́ ká wọ ọkọ̀."

Níta, àwọn ọmọ ti ń bọ́ sínú àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ, mẹ́ta-mẹ́ta. Kò sí ẹni tó gbé ìwé.

"Níbo ni wọ́n ń lọ?"

"Wọ́n ń gbé e lọ."

"Wọ́n ń gbé kí ni lọ?"

"Ẹ̀kọ́ òwúrọ̀."

Ọkọ̀ wọn tu ara rẹ̀ kọjá láàárín àwọn ilé orí omi, tí awọ tó ń gba iná oòrùn ń dán lórí òrùlé wọn. Pèpéle kejì tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ kò jìnnà. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ọmọkùnrin kan tó ń pààrọ̀ eyín ti gé ẹja gbígbẹ kan sí ọ̀nà mẹ́jọ, ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí ogójì ní ìdá. "Tí mo bá jẹ mẹ́ta nínú mẹ́jọ, kí ló kù?" "Ìyà tí màmá rẹ máa fi jẹ ọ́!" ni ẹnì kan dáhùn, gbogbo wọn sì wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín, ṣùgbọ́n Dúróoríkẹ́ rí i pé gbogbo wọn ló kọ márùn-ún nínú mẹ́jọ sílẹ̀. Ní pèpéle kẹta, àwọn tó ti pèpéle kejì wá ló ń kọ́ni. Pèpéle kẹrin wà lẹ́nu òkun gan-an.

"Pèpéle mẹ́rin," ni Olùkọ́ Mẹ́bàwọ́ndù wí. "Ọmọ ọgọ́sàn-án. Ẹ̀rọ kan. Àlejò ni àwọn ọmọ ń pè é. Wọ́n ní àlejò a sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, a sinmi, kí onílé lè ráyè ro ó. Bí mo bá jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ fún wákàtí márùn-ún, àwọn méjìdínláàádọ́ta ni yóò máa gbọ́ ọ. Bó bá dákẹ́, ọgọ́sàn-án ló ń kọ́ ẹ̀kọ́."

"Kí ló dé tí ẹ kò kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Ẹgbẹ́?"

"Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mà. Fọ́ọ̀mù dá mi lóhùn pé òun kò ní àyè fún ọkọ̀ ojú omi."

Dúróoríkẹ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Òun kọ́ ló ṣe fọ́ọ̀mù náà, ṣùgbọ́n òun ló ní kó kúrú, kó má gba ọ̀rọ̀ àsọdùn. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń fi iná tó ń tàn wọn iṣẹ́ ẹ̀rọ. Kò ronú rí láti wọn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí iná bá kú.

"Ẹ ti fojú yín rí i, mà," ni Olùkọ́ wí. "Ẹ bá wa kọ ọ́ síbẹ̀."

"Wàláà kì í gba ojú mi ní ẹ̀rí. Ohun kan ṣoṣo ló lè pa iná pupa yìí. Ìdánwò ọwọ́ kejì ni."

Ojú Olùkọ́ tàn. Ó mọ̀ ọ́n. Kò sí olùkọ́ tí kò mọ̀ ọ́n. Kí alábẹ̀wò mú ohun tí ẹ̀rọ kọ́ ọ, kó kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, láìsí ẹ̀rọ nítòsí. Bí ọwọ́ onítọ̀hún bá gbà á, ẹ̀rọ náà yè. Bí kò bá gbà á títí di agogo mẹ́rin, wàláà yóò pa ara rẹ̀ dé, kò sì ní ṣí mọ́. "Ó ti parí! Ẹ jẹ́ kí n pe..." Ojú rẹ̀ ṣú díẹ̀díẹ̀. "Mà, àwọ̀n lẹ sọ."

"Àwọ̀n ni."

"Ní Òkè-Omi."

Wọ́n wo ara wọn. Ìlú àwọn apẹja ni wọ́n wà.

Wọ́n kúkú wá a. Olùkọ́ pe ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà ní ṣé ẹ̀gàn ni. Wọ́n pe baba àgbà kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Ó so kókó mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan, ó sì béèrè bóyá wọ́n fẹ́ sí i. Wọ́n gbé ọmọ ọdún mẹ́rin kan wá. Wàláà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti so kókó àwọ̀n rí, ọmọ náà ní rárá, wàláà sì tan iná pupa. Ìyá ọmọ náà gbá a létí nítorí irọ́ tó pa, lẹ́yìn náà ló wá rántí pé òun fúnra òun ló kọ́ ọ ní irọ́ náà.

Agogo méjì kọjá. Dúróoríkẹ́ jókòó sórí àgbá kan, ó ń bínú sí ara rẹ̀. Alábẹ̀wò tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa a kọ́kọ́ wo ẹni tí yóò kọ́, kó tó yan ohun tí yóò kọ́. Nínú ọdún mọ́kànlélógún, òní ló gbàgbé.

Agogo ọwọ́ rẹ̀ dún. Ojú àbúrò rẹ̀, Ìbídùn, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Ìdó-Àpáta, yọ láàárín ìmọ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní orúkọ wa ti kúrò ní ìkejì, ó ti di ìkíní. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ má purọ́ fún mi o, mo ti ní kí àwọn ọmọ gbá yàrá tí a ó gbé e sí."

Dúróoríkẹ́ wo àbúrò rẹ̀. Ọmọ orí àpáta, tí kò fojú kan odò tó ju orúnkún lọ rí. Ọmọ tí kò mọ nǹkan kan nípa àwọ̀n.

Ó lè pe ẹlòmíràn. Ta ni? Gbogbo ọmọ Ẹgbẹ́ ti gba ìdánwò yìí, wàláà kì í sì í gba irú wọn ní akẹ́kọ̀ọ́. Ìbídùn nìkan ló wà lórí ìlà, agogo mẹ́rin sì ń bọ̀. Ó lè kọ́ ọ láìsọ ìdí rẹ̀ fún un. Ó yẹ èyí wò, ó sì kórìíra rẹ̀.

"Ìbídùn, jókòó," ó wí. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́: ẹ̀rọ, wákàtí méjì, ọkọ̀, ọgọ́sàn-án ọmọ, kókó. "Bí ọwọ́ rẹ bá gbà á, ẹ̀rọ yóò dúró níbí. Bí kò bá gbà á, tìrẹ ni lọ́la."

Ìbídùn yíjú wo yàrá tí àwọn ọmọ ti gbá. "Ẹ̀ ń sọ pé kí n fi ọwọ́ ara mi gbé ẹ̀rọ mi fún ẹlòmíràn."

"Mò ń sọ pé kó o gbìyànjú. Mi ò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ burú o." Ó mí kanlẹ̀. "Okùn ewúrẹ́ ni mo ní. Ṣé ó tó?"

Olùkọ́ Mẹ́bàwọ́ndù gbé wàláà dání kó lè máa wo ọwọ́ àwọn méjèèjì. Àwọn ọmọ pagbo yí wọn ká, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ la ẹnu. Dúróoríkẹ́ kọjú sí ìmọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Àtàǹpàkò. Ju ú sí apá òsì. Ẹ̀yìn fọ́nrán méjèèjì. Fà á.

Kókó Ìbídùn yọ̀.

"Tún un ṣe."

Ó tún yọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹ̀ẹ̀karùn-ún. Agogo mẹ́ta lù. Ìbídùn kì í ṣe ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ọwọ́. Òun ló ń tún ẹ̀rọ omi gbogbo Ìdó-Àpáta ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ kì í wárìrì. Èrò kan yọ́ wọ inú Dúróoríkẹ́, kò sì lè lé e jáde: wàláà ń gbọ́ èké ẹnu, kì í gbọ́ èké ọwọ́. Bí Ìbídùn bá ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó yọ̀, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ láyé. Ó wo ojú àbúrò rẹ̀, ó ń wá ohun tí kò fẹ́ rí.

"Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀," ni Ìbídùn wí.

"Báwo ni mo ṣe wò ọ́?"

"Bí ẹ ṣe ń wo àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí aláǹtakùn wà ní ọ́fíìsì wọn. Èmi kọ́. Bí ẹ ṣe ń ṣe é ni mò ń ṣe é. Ọwọ́ yín ń lọ síbí, mo ń gbé tèmi lọ síbí."

Ó na ọwọ́, Dúróoríkẹ́ sì rí i. Àwọn méjèèjì kọjú sí ara wọn. Òsì òun wà ní ọ̀tún Ìbídùn. Nígbà tó bá gbọ́ "òsì", Ìbídùn a ju okùn sí òsì tirẹ̀. Nígbà tó bá wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, a ti orí okùn gba ìhà kejì. Ohun kan lójú, òmíràn létí. Ta ní lè so kókó báyẹn?

Ojú tì í dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó bọ́ agogo ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí àgbá tó ga lẹ́yìn rẹ̀, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i, bí ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n, tí ọmọ náà ń ti èjìká rẹ̀ wo ohun tó ń ṣe.

"Wò ó láti ẹ̀yìn mi," ó wí. "Má gbọ́ ẹnu mi mọ́. Ọwọ́ mi ni kó o máa wò."

Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ ìró okùn ewúrẹ́. Ó gbọ́ èémí Ìbídùn. Kò bojú wẹ̀yìn, nítorí kò tún fẹ́ fi ojú yẹn wò ó mọ́.

"Ẹ wò ó," ni Ìbídùn wí.

Ó ti fi okùn náà so garawa omi kan tó kún dẹ́nu, ó sì gbé e sókè. Garawa náà ń yí, kókó dúró. Ó gbọ̀n ọ́n. Ó dúró.

Wàláà tan iná aláwọ̀ ewé.

Òkè-Omi hó. Ọmọ́lẹ̀yẹ fò mọ́ Olùkọ́, wàláà fẹ́rẹ̀ẹ́ já sómi. Láàárín ariwo náà, Dúróoríkẹ́ gbé agogo ọwọ́ rẹ̀ súnmọ́ ojú.

"O lè jẹ́ kó yọ̀," ó wí jẹ́jẹ́. "Kò sí ẹni tí ìbá mọ̀."

"Mo rò ó. Nígbà àkọ́kọ́ pàápàá, mo rò ó." Ìbídùn fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ mi ní ìwé? Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ẹ̀kọ́ tí Ẹgbẹ́ ń fi ránṣẹ́, ẹ̀yin nìkan ló wà fún. Orúkọ mi kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń kà á tán, tí ẹ wá ń fi èédú kọ ọ́ sára àpáta fún mi. Báwo ni mo ṣe máa sọ pé kò wúlò?"

Dúróoríkẹ́ ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹgbẹ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nítorí ẹ̀kọ́ náà, kò sì rántí ka èédú mọ́ ọn rí.

"Ìgbà wo ni yóò tún kàn wá?" ni Ìbídùn béèrè.

"Bóyá ọdún méjì."

"Ó dáa. Wọ́n ní ẹ̀rọ ní Ìsàlẹ̀-Àpáta. Ìrìn wákàtí kan ni. Àwọn ọmọ mi kò ní ọkọ̀, àmọ́ wọ́n lẹ́sẹ̀. Ẹ bá mi bèèrè lọ́wọ́ bàbá yẹn, ọmọ mélòó ló ń rán lẹ́ẹ̀kan, kí n tó lọ bẹ ọ̀gá wọn lọ́la."

Olùkọ́ Mẹ́bàwọ́ndù, tó ti gbọ́, súnmọ́ ìmọ́lẹ̀ náà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pákó tútù, àgbàlagbà níwájú ọmọdé.

"Ìyá mi, ẹ ṣé. Gbogbo Òkè-Omi dúpẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ dìde! Ọlọ́run má jẹ́! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní kí wọ́n dìde!"

"Mẹ́ta ni mo máa ń rán," ni Olùkọ́ wí láti ilẹ̀. "Ẹnì kan lè gbàgbé, ẹni méjì lè jà. Àwọn mẹ́ta á rántí."

Agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Wàláà béèrè ìbéèrè tó máa ń bèèrè kẹ́yìn níbi gbogbo: *Ẹ̀sùn kan wà bí?* Ọdún mọ́kànlélógún ni Dúróoríkẹ́ ti ń dáhùn pé kò sí, tàbí kó kọ orúkọ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan tó ń fi nǹkan ṣòfò. Lónìí, ó wọ bàtà rẹ̀, ó jókòó dáadáa, ó sì kọ ọ́ láìfi ọ̀rọ̀ kan ṣòfò:

*Bẹ́ẹ̀ ni. Abala kẹtàlá ń ka ìmọ́lẹ̀, kì í ka ọmọ. Ó ti gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ mọ́kàndínlógójì. Mo bẹ Ẹgbẹ́ kí wọ́n pe ìpàdé, kí a lọ bi ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí iná bá kú.*

Wàláà béèrè orúkọ olùpẹ̀jọ́. Ó kọ ọ́. Wàláà béèrè orúkọ ẹni tí a pè lẹ́jọ́. Ó tún kọ orúkọ kan náà. Wàláà ní òun ti rí orúkọ yẹn, bóyá ó ṣì í kọ.

"N kò ṣì í kọ," ni Dúróoríkẹ́ wí sókè, iná aláwọ̀ ewé sì tàn.